Ẹ̀rín Àpáta

Ọkùnrin kan wà tí ó ní àpáta, àbúrò mi. Fi ìbéèrè tí o gbé wọlé sílẹ̀ ná. O ní ṣé mo rí Mọrádéyọ̀ ọmọ rẹ, pé kò sí nílé ọkọ rẹ̀ láti àná. N óò dá ọ lóhùn bí mo bá parí ọ̀rọ̀ mi. Jókòó. Má wo ẹnu ọ̀nà mọ́, ẹni tí ó ń dúró dè ọ́ nínú ọkọ̀ kò ní lọ láìsí ìwọ.

Mo ní ọkùnrin kan wà tí ó ní àpáta. Àwọn ẹlòmíràn ní oko kòkó, àwọn ẹlòmíràn ní ilé ńlá, àpáta ni tirẹ̀. Baba rẹ̀ fi í sílẹ̀ fún un, baba ti baba rẹ̀ náà sì ṣe bẹ́ẹ̀. Àpáta dúdú ni, ó rí bí ẹní tí wọ́n tò lé ara wọn, ìpele lórí ìpele. Ó yọ orí síta lókè, débi pé ẹni tó bá dúró nísàlẹ̀ rẹ̀ dà bí ẹni tó wà lábẹ́ òrùlé, òjò kì í sì í dé ibẹ̀. Bí ènìyàn bá súnmọ́ ọn, yóò gbọ́ òórùn kan bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá ìṣáná. Omi díẹ̀ máa ń sun ní ẹsẹ̀ rẹ̀, omi náà á pọ́n bí irin tó dógùn-ún, koríko kì í sì í hù níbi tí ó ń gbà kọjá. Gbogbo ìlú ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó béèrè ìdí rẹ̀.

Ohun tó sọ ọkùnrin yìí di ẹni ńlá ni nǹkan funfun kan tí ń hù jáde lára àpáta náà. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́, àpáta dúdú yẹn á yọ irun funfun. Ó tín-ín-rín, ó ń dán bí òwú, bí o bá sì fi èékánná kàn án, á wó dà sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Fi í sí ahọ́n, á kọ́kọ́ dùn mọ́ ọ lẹ́nu díẹ̀. Kí o tó gbé itọ́ mì, ó ti kan, lẹ́yìn náà á fún gbogbo ẹnu rẹ pọ̀ bí ìgbà tí ènìyàn gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì gbó jẹ. Bí omi bá kàn án, ó yọ́ nìyẹn, o kò ní rí i mọ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kò fi sí níbi tí òjò ti ń pa àpáta. Abẹ́ òrùlé yẹn nìkan ni wọ́n ti ń rí i, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan.

Ìwọ náà mọ irú rẹ̀. Álọ́ọ̀mù tí ìyàwó rẹ ń jù sínú omi kànga, ẹbí kan náà ni wọ́n. Odò kan ṣoṣo ni ìlú yẹn ní. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, odò náà á gbẹ di ọ̀gọ̀dọ̀, màlúù á wọ̀ ọ́, omi rẹ̀ á wá dà bí ògì bàbà. Àwọn obìnrin á pọn ọ́n wálé bẹ́ẹ̀, wọ́n á bu ìyẹ̀fun funfun náà díẹ̀ sí i, wọ́n á rò ó, wọ́n á fi í sílẹ̀. Kí wọ́n tó gúnyán tán, ẹrẹ̀ á ti rọ̀ sí ìsàlẹ̀ àmù, omi òkè á ti mọ́ kedere. Ọkùnrin náà kò tà á fún ẹnikẹ́ni. Ó ń pín in fún wọn ni, ọ̀wọ̀ sì ni wọ́n fi ń dá a padà fún un. Bí ó bá ń lọ sí ìpàdé, àga ti wà nílẹ̀ dè é, ọ̀rọ̀ tó bá sọ, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀rín àpáta ni wọ́n ń pe nǹkan funfun náà. Lọ́dún tí ó bá kéré, wọ́n á bi ọkùnrin náà pé ta ni ó ṣẹ̀. Lọ́dún tí ó bá pọ̀, wọ́n á wọ́ wá sí ilé rẹ̀ láti kí i. Wọ́n á ní, "Ẹ kú oríire o, inú àpáta dùn sí yín." Nítorí náà kò sí ohun tí ó ń fẹ́ láyé bí i kí ó pọ̀. O gbọ́ mi àbí o kò gbọ́? Òpè kọ́ ni. Wọ́n ti fi ìyìn kọ́ ọ láti máa yọ̀ sí nǹkan kan, ó sì kọ́ ọ dáadáa.

Wọ́n tún ní àṣà kan. Ọmọbìnrin ilé náà ló gbọ́dọ̀ ha ẹ̀rín yẹn kúrò lára àpáta. Wọ́n ní àpáta kò mọ ìyàwó tí a fẹ́ wá, kò sì fẹ́ ọwọ́ ọkùnrin. Ọkùnrin yìí bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, òun ló sì ń lọ sábẹ́ àpáta pẹ̀lú àfọ́kù igbá àti agbọ̀n láràárọ̀. Inú baba náà dùn sí i púpọ̀. Mi ò sọ pé kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Bí kò bá fẹ́ràn rẹ̀ ni, ìtàn yìí ì bá rọrùn láti sọ.

Ọwọ́ ọmọ náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí bó, ó là káàkiri bí ẹsẹ̀ àgbẹ̀. Ó fi han ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ fi òrí pa á. Ìyá yẹn mọ bí a ṣe ń fi òrí pa nǹkan. Lẹ́yìn èyí, òkúta wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí já lé ọmọ náà lẹ́yìn bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó sọ ìyẹn náà, wọ́n ní kí ó máa fi gèlè wé orí.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rín náà pọ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ti rí i rí lọ. Gbogbo ojú àpáta funfun báláú. Àwọn ènìyàn ń ti abúlé mìíràn wá wò ó. Ọmọbìnrin náà ń ha á, agbọ̀n ń kún, ó ń dà á sílé, ó ń padà lọ. Ó wá ṣàkíyèsí ojú kan tí àpáta ti là. Ní èṣín, èékánná rẹ̀ nìkan ló wọ ibẹ̀. Lọ́dún yìí, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ọrùn ọwọ́. Nǹkan funfun náà kún inú ibẹ̀, ó ń ti òkúta kan sọ́tùn-ún, ó ń ti èkejì sósì. Bí gbogbo ibẹ̀ bá sì dákẹ́, ó ń gbọ́ tí àpáta ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lókè orí rẹ̀.

Ó délé. Baba rẹ̀ ń jẹun lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, àpáta ń là. Mò ń gbọ́ ọ bó ṣe ń ró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ lọ́dún yìí."

Baba rẹ̀ ní, "Ta ló bí ọ tí o fi mọ̀ ọ́n jù mí lọ? Àpáta tó ti wà níbẹ̀ láti ayé baba ńlá mi, ta ló pa rí? Ọdún tí inú rẹ̀ dùn jù lọ ni ìwọ wá fẹ́ bà á jẹ́."

Ọmọ náà ní, "Bàbá, bó ṣe ń pọ̀ yìí gan-an ló ń dẹ́rù bà mí."

Baba rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwọn àlejò dé, ó sọ ọ́ fún wọn, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọmọ ìsinsìnyí ò fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, ọmọ náà kò lọ. Ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó káwọ́ gbera. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin ìlú fi dé, wọ́n ru omi odò tó pọ́n bí amọ̀, wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú ọmọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó pariwo nínú wọn. Ọ̀kan ṣáà ní, "Ṣé ọmọ tèmi ni yóò mu ẹrẹ̀ nítorí pé ìwọ ń bẹ̀rù òkúta?" Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má dójú ti baba rẹ̀. Ó wo ojú gbogbo wọn, kò rí ẹnì kankan tí ó fẹ́ gbọ́ ohun tí ó ti sọ. Ó dìde, ó gbé agbọ̀n rẹ̀. Baba rẹ̀ sìn ín dé orí ọ̀nà, ó ń kì í ní oríkì, ó ń pè é ní ọmọ dáadáa. Ó fi í sójú ọ̀nà pẹ̀lú ìyìn, ó padà sílé lọ bá àwọn àlejò rẹ̀.

Àpáta náà wó kí oòrùn tó kan àtàrí.

Òjò kò rọ̀, ilẹ̀ kò mì, ọyẹ́ ló kàn ń fẹ́. Wọ́n gbọ́ ìró kan bí ẹni da ẹrù sílẹ̀, lẹ́yìn náà eruku dúdú gba ojú ọ̀run. Ọkùnrin náà sáré dé ibẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ lásán hú òkúta. Àwọn ènìyàn bá a hú u. Nígbà tí wọ́n yóò fi rí ọmọ náà, ara rẹ̀ ti tutù.

Ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ti rí inú àpáta rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Òkúta tó là sí méjì wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò sí ibi tó le nínú rẹ̀ mọ́. Ó ṣe é fi ọwọ́ rún. Nǹkan funfun yẹn ti gba gbogbo inú rẹ̀ kan, ó lọ síhìn-ín, ó lọ sọ́hùn-ún, láàrin ìpele dé ìpele. Àpáta náà ti ń jẹrà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Omi tó pọ́n, òórùn ìṣáná, koríko tí kò hù, ìjẹrà náà ló ń fa gbogbo rẹ̀. Ìjẹrà yẹn kan náà ló ń yọ jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó ń di funfun, tó ń dán, tí wọ́n ń bù sínú omi mu. Ọdún tí ó pọ̀ jù lọ ni àpáta náà jẹrà jù lọ. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni rí, inú rẹ̀ kò sì dùn sí ẹnikẹ́ni rí.

Wọ́n sin ọmọ náà. Èrò pọ̀, oòrùn mú, wọ́n sì bu omi fún àwọn èrò. Omi náà mọ́ kedere, nítorí ìyẹ̀fun tí ọmọ náà ti ha sílẹ̀ kò tíì tán nílé. Gbogbo wọn mu ún. Àwọn kan ní kò ṣọ́ra tó. Àwọn kan ní bóyá ó ní ohun tó ṣe tí inú àpáta fi yí padà. Àwọn obìnrin tó sọ omi kalẹ̀ níwájú rẹ̀ ló sunkún jù. Ẹnikẹ́ni tó bá sì kí baba náà kú àfẹ́kù, gbólóhùn kan ṣoṣo ló ń fi dáhùn. Á ní, "Ó sọ fún mi." Bí wọ́n bá ní kí ó rọ́jú, á ní, "Ó sọ fún mi." Títí tí òun náà fi kú, kò rí nǹkan mìíràn sọ sí ọ̀rọ̀ náà.

Mo ti parí ìtàn. O ń wò mí bí ẹni tí kò mọ ibi tí mò ń lọ.

Nígbà tí ọkọ Mọrádéyọ̀ kọ́kọ́ gbá a létí, ọdún ìgbéyàwó wọn kò tíì yípo. Ó kó àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú pálọ̀ rẹ, wọ́n gbé iṣu wá. Iṣu náà dára, èmi náà rí i. O ní ọkọ ọmọ rẹ mọ ẹ̀bẹ̀. Nígbà tí ó gbá eyín rẹ̀ yọ, àgbò ló fà wá. Ẹ jẹ àgbò náà. Nígbà tí apá ọmọ náà ṣẹ́, tí o ní kí a sọ pé ó ṣubú nínú ilé ìwẹ̀, kí ni ó tẹ̀ lé e? Kò ju oṣù kan lọ tí kafíńtà fi gun orí ilé rẹ. Gbogbo àdúgbò ló wá bá ọ yọ̀ nítorí páànù tuntun. Wọ́n ní, "Bàbá, àna yín gbayì o." O rẹ́rìn-ín, o ní Ọlọ́run ló ṣe é.

Bí ìyà bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ̀bẹ̀ náà ń pọ̀ tó. O kò rí i rí? Ìwọ ń wo ẹ̀bùn, o ń sọ pé ìfẹ́ rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Mo sọ fún ọ pé inú ọkùnrin yẹn ló ń jẹrà, ohun tó ń yọ jáde lára rẹ̀ ni ò ń kó sínú ilé.

Má dá mi lẹ́kun. Mo mọ ohun tí o fẹ́ wí, wàá ní:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ṣé ẹ rí i, ahọ́n àti eyín ń jà, wọ́n sì ń parí rẹ̀."

Eyín ọmọ rẹ ti yọ, àbúrò mi. Ahọ́n kọ́ ló yọ ọ́.

Ó sì sọ fún ọ. Má ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ní ìgbà ìkórè iṣu, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ nínú pálọ̀ yẹn, ó ní, "Bàbá, ọkùnrin yìí yóò pa mí." Ìyàwó rẹ wà níbẹ̀, ó wo ilẹ̀. Kí ni o sọ? O ní ilé ọkọ ni ilé ẹ̀kọ́ obìnrin. O ní kí ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yóò wí, ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ bàbá ìjọ. O gbé báàgì rẹ̀ fún un fúnra rẹ, o sìn ín dé ọ̀dọ̀ ọlọ́kadà, o ń ṣàdúrà fún un. Ọmọ yẹn kò jiyàn. Ó lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, mo gbọ́ pé ọkọ rẹ̀ ra ọkọ̀ fún ọ. Ìwọ lo wà á wá síbí lónìí, àbí? Funfun ni, mo rí i láti ojú fèrèsé. Ọkọ ọmọ rẹ jókòó sínú rẹ̀, ó wọ agbádá, ó ń retí kí o mú ìyàwó rẹ̀ jáde wá fún un. Kò tíì ra nǹkan tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, n kò lè jẹun. Mo ń bi ara mi pé kí ni ọkùnrin yìí ṣe ọmọ wa, tàbí kí ni ó ń múra láti ṣe é, tí ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fi pọ̀ tó báyìí.

Ìdáhùn rẹ nìyí. Bẹ́ẹ̀ ni, Mọrádéyọ̀ wà nínú ilé yìí. Ó dé ní ìrọ̀lẹ́ àná, ó fi aṣọ bo ọrùn rẹ̀. Nígbà tí mo ṣí aṣọ náà, mo rí ipa ìka ọkùnrin yíká, ní ọ̀tún àti ní òsì. Kò lè gbé oúnjẹ mì dáadáa. N kò fi òrí pa á. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà sì wò ó. Kò ní padà síbẹ̀ mọ́, ìbáà ṣe ìwọ ló bí i, ìbáà ṣe gbogbo ìjọ ló wá bẹ̀ mí.

Ohun tó kù ló kàn ọ́. Jáde lọ síta, kí o fún ọkùnrin yẹn ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Sọ fún un lójú gbogbo àdúgbò pé ọmọ rẹ kò lọ. Jẹ́ kí ojú tì ọ́, ojú kì í ti ènìyàn kú. Páànù rẹ, bí ó bá fẹ́, kí ó wá ṣí i lọ. Kò sí ohun tí òjò ó ṣe ọ́ tí ọkùnrin yẹn kò tíì ṣe ọmọ rẹ.

Àbúrò mi, mo ní kí o mọ èyí kí o tó dìde. Yàrá tó wà lẹ́yìn mi yìí ni ọmọ rẹ wà. Ó ń gbọ́ wa. Nígbà tí o kan ilẹ̀kùn, tí o pe orúkọ mi, ó mọ ohùn rẹ. Kò béèrè bóyá ọkọ òun bá ọ wá. Ó rọra di ọwọ́ mi mú, ó sì bi mí bóyá fèrèsé ẹ̀yìn ṣe é gbà jáde.